Èmi Ni Mo Pa Ìyàwó Ọkọ Àṣá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbé omi yẹn kúrò, kí o tẹ fóònù rẹ kó máa gba ohùn mi sílẹ̀. Dókítà ti bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n máa múra sílẹ̀. Ó rò pé mi ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé wọnú ilẹ̀. Ẹnu tí mo fi purọ́ fún odindi gbọ̀ngàn, ẹnu náà ni màá fi tú u. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún èmi Màdáàmù Ètò ní ilé ìwádìí ẹranko àti igbó, ìkà ènìyàn lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún. Kì í ṣe èṣù ló tì mí o. Ojú mi là sílẹ̀ kedere nígbà tí mò ń ṣe é.

Iṣẹ́ mi ni láti ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ará ìlú. Lóṣooṣù la máa ń ṣí géètì sílẹ̀, tọmọdé tàgbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn onímọ̀ wa á sọ̀rọ̀ lórí oyin, lórí ọ̀pọ̀lọ́, lórí igi tó ń kú lórí ìdúró. Èmi ni mò ń to àga, èmi ni mò ń di makirofóònù mú, èmi ni mò ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ló ń tìtorí tèmi wá? Ọkọ Àṣá ni wọ́n ń wá wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹyẹ ni bàbá náà. Aya rẹ̀ ti kú, ó wá ń pe àṣá kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà ní "Ìyàwó mi". Tó bá ti parí ọ̀rọ̀, á wọ ìbọ̀wọ́ awọ, á súfèé, Ìyàwó á gbéra láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, á gba orí gbogbo èrò kọjá, á bà lé e lọ́wọ́. Bàbá á ní, "Ẹ rí i? Ṣé báyìí làwọn aya tiyín náà ṣe ń dá yín lóhùn?" Ẹ̀rín á sì gba gbogbo ilé kan.

Lọ́jọ́ kan, mo ń kí àwọn àlejò lọ́wọ́, obìnrin kan dìde láàárín èrò, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí Ọkọ Àṣá jáde sí wa." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un! Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo jókòó, ṣùgbọ́n bàbá ni mo bínú sí. Kí ni bàbá náà fi ṣe mí? Kò fi nǹkan kan ṣe mí. "Àbúrò mi" ló máa ń pè mí, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú.

Nǹkan kan wà tí a kì í sọ fún èrò. Ẹran tó wà lórí ìbọ̀wọ́ ni àṣá ń fò lọ bá. Tó bá ti yó, o lè súfèé títí ètè rẹ á fi bó, kò ní wò ọ́. Tí ebi bá sì pa á jù, á rù, á kú. Àárín méjèèjì ni bàbá ń wá, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀ lórí òṣùwọ̀n àtijọ́ kan tó ní àwo méjì, Ìyàwó nínú ọ̀kan, irin ìwọ̀n nínú èkejì. Tí àwo Ìyàwó bá tẹ̀ wálẹ̀ ju ti irin lọ, á dín oúnjẹ rẹ̀ kù.

Eku ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ètò, lẹ́yìn tí bàbá ti wọ̀n ọ́n tán, mo yọ́ wọ ilé ẹyẹ, mo fún Ìyàwó ní eku jẹ títí ó fi kọ̀ ọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, bàbá súfèé. Ìyàwó ń fẹnu tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Bàbá tún súfèé. Mo gbé makirofóònù sẹ́nu, mo ní, "Ẹ má bínú o, tọkọtaya ń jà!" Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, mo gbádùn ẹ̀ dé eegun. Nígbà tó di oṣù kejì, mo tún ṣe é. Ọ̀gá àgbà pe bàbá, ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á gbé ẹyẹ náà fún ẹlòmíràn, bàbá á sì lọ sinmi nílé. Bàbá wá bá mi pẹ̀lú omi lójú. "Àbúrò mi, tí wọ́n bá mú un lọ, ta ló tún kù fún mi?" Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ní, "Bóyá ẹ ń fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì láìrántí. Ọjọ́ orí náà ni."

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. N ò dúró. Mo jí irin ìwọ̀n yẹn, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, mo ní kó gbẹ́ inú ẹ̀ kúrò láti ìsàlẹ̀, kó fi irin pẹlẹbẹ bò ó. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màdáàmù, kí lẹ fẹ́ máa tà? Àwọn oníbàárà yín gbé nìyẹn o!" Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Mo dá irin náà padà kí bàbá tó dé. Nítorí pé irin ti fúyẹ́, ẹyẹ wá dà bí ẹni pé ó sanra. Bàbá dín oúnjẹ kù. Ó tún dín in kù. Síbẹ̀, àwo Ìyàwó ló ń tẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fọwọ́ kan àyà ẹyẹ náà, ó ní, "Egungun ni mò ń bá pàdé yìí. Ọwọ́ mi ń sọ fún mi pé ó ti rù." Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí náà? Àbí irin ló wá ń purọ́?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó gbà mí gbọ́. Ìyàwó ń ké fún ebi látàárọ̀, èmi ń mu tíì mi ní yàrá kejì.

Ọjọ́ ètò pé, àwọn ọmọ ilé ìwé kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Bàbá súfèé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹyẹ náà gbéra! Mo rí bí ojú bàbá ṣe là. Ìyàwó dé àárín gbọ̀ngàn, apá rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó já lulẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ. Bàbá sáré lọ, ó kúnlẹ̀, ó ń ti ẹran bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Ìyàwó mi, jẹun. Jọ̀ọ́, jẹun." Kò jẹ. Makirofóònù wà lọ́wọ́ mi, mo lè sọ òótọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí àìbìkítà ń fà nìyí."

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Rárá o. Wọ́n lé bàbá. Wọ́n bó awọ Ìyàwó, wọ́n ki òwú sí i nínú, wọ́n gbé e sínú àpótí dígí lẹ́nu géètì, èmi ni mo kọ ọ́ sí i pé olùtọ́jú rẹ̀ ló febi pa á. Wákàtí bàbá nínú ètò wá di tèmi. Mo ránṣẹ́ pè é pé kó wá kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́. Ó wá. Ó fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ẹ̀ dáadáa, ó dúró níwájú wọn, ó ní, "Èmi ni mo febi pa á. Mo rò pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ má ṣe bíi tèmi." Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo tún pè é lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó tún wá. Mo sọ ọ́ di àṣà, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi gbé e dé ibẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, mo sì fi irin ìwọ̀n yẹn, tí mo ti fi pamọ́ láti ìgbà náà, lé e lọ́wọ́. Ó sọ ọ́ sókè wò, ó rí bó ṣe fúyẹ́. Kò ṣépè fún mi. Ó jáde. Àná ló padà wá, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Mo sọ fún bàbá mi, mo fi irin náà hàn án. Wọ́n ní, 'Àánú mi ló ń ṣe àbúrò mi yẹn. Ó fẹ́ bá mi ru ẹ̀bi mi kó tó kú. Bá mi sọ fún un pé mo dúpẹ́.'"

Ó dúpẹ́! Lọ́wọ́ èmi! Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin èrò gbọ̀ngàn. Ẹ lọ ya ìwé tó wà lára dígí yẹn. Mi ò lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá, nítorí kò gbà pé mo ṣẹ òun. Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀. Ẹ gbé ohùn yìí lọ sílé rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sétí rẹ̀ lónìí, lọ́la, lọ́túnla, títí yóò fi bú mi.