Dígí tí mo fi ìborùn nù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun. N bá gbé e mì, àmọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún àbúrò mi ọkùnrin, èmi ni ẹbí sì ní kí n ṣáájú.

Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi ni kí n máa bá èèyàn yọ ẹrù ní pọ́ọ̀tù Àpápá. Àbúrò mi ń kọ́ni ní yunifásítì. Bó ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ fún mi nìyí: wọ́n á tan iná lésà tó le gan-an sí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irin náà á di ohun gbígbóná kan tí wọ́n ń pè ní plásímà, àwọn èérún tójú ò lè rí á wá máa fò jáde níbẹ̀ bí ọta ìbọn. Ó ní lọ́jọ́ iwájú, wọ́n lè fi wo jẹjẹrẹ.

Nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ lésà náà láti òkè òkun, èmi ni mo bá wọn yọ ọ́. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tú àpótí wò, wọ́n ṣí dígí ńlá kan tó ń darí iná lésà náà, tí wọ́n fi ọ̀rá dì, eruku sì bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, bá a ṣe ń ṣe é ni pé ẹrù tí wọ́n bá tú, a á tún un ṣe kí ẹlẹ́rù má baà mọ̀ pé wọ́n tú u. Mo mí sí i, mo fi ìborùn mi nù ún, ó ń dán yinrin. Inú mi dùn. Mo dì í padà, mi ò sọ fẹ́nì kan.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan lésà náà ni dígí yẹn jóná. Àbúrò mi ní ẹnì kan ló fọwọ́ kàn án, pé àbàwọ́n ìka lásán lè bà á jẹ́. Bọ́lá, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló tú u jáde nínú àpótí. Orí ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀bi já lé, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́.

Ó sunkún wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi Ọlọ́run búra! Ẹ bá mi bẹ àbúrò yín."

Mo ní kó ṣe sùúrù. Sùúrù kẹ̀! Kò pẹ́, àbúrò mi ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́; ẹlòmíì ló fẹ́ fi ṣaya báyìí.

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá èmi ni. Ó lè jẹ́ atẹ́gùn òkun. Ó lè jẹ́ Bọ́lá náà lóòótọ́. Ṣé ìborùn lè jó dígí ni? Gbogbo ẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú.

Láàárọ̀ yìí, Bọ́lá pè mí, ó kí mi kú oríire ìyàwó tuntun. Ó ní nínú gbogbo ilé wa, èmi nìkan ni kò dá òun lẹ́bi rí, kí Ọlọ́run bá òun san án fún mi.

Mi ò lè ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe kó tó di Sátidé?