Tíì Tí Kì Í Jẹ́ Kára Dógùn-ún

Létí ọ̀sà Àgbádárìgì, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Topo, ìyá ẹlẹ́ja kan tó jókòó sẹ́yìn mi dá ọkùnrin tó ń ta tíì ewé dúró.

“Ìwọ lo ní kí n máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Inú ara èèyàn máa ń dógùn-ún bí irin. Èròjà kan wà nínú ewé yìí tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún.”

“Ìyẹn yé mi. Létí òkun níbí, kí ni kì í dógùn-ún? Páànù ilé mi, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ọmọ mi. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti ń mu ún, mi ò rí oorun sùn. Àyà mi á kàn máa lù kìkìkì.”

“Màmá, ohun tó wà nínú obì wà nínú ẹ̀ náà. Ẹ fi ti alẹ́ sílẹ̀.”

“Ta ló ń jẹ obì kó tó sùn? O ò dárúkọ obì nígbà tí ò ń tà á fún mi.”

“Àǹfààní ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ, Màmá.”

Ìyá náà yọ ọ̀bẹ kan nínú agbọ̀n rẹ̀. Ó ń dán, ṣùgbọ́n ó ti tín-ín-rín.

“Wo ọ̀bẹ tí mo fi ń la ẹja. Kò dógùn-ún rí, torí mi ò jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n wo bí àìsinmi ṣe jẹ ẹ́ tó.”