Wọ́n Ní Èmi Ni Mo Jí Iṣẹ́ Mi

Kí n kọ lẹ́tà àforíjì? Èmi, Raqeebah? Bàbá Nasrullah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, bóyá etí mi ni ò gbọ́ dáadáa, torí ohun tí mo gbọ́ ni pé Dọ́kítà Olúṣèyí ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo jí iṣẹ́ òun, kí òun lè bá mi bẹ ìgbìmọ̀ yunifásítì. Ẹ wá ti Circle wá sí Darkuman nínú oòrùn yìí, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù fóònù yín pa, ẹ wọ ọkọ̀ tórótóró, torí kí ẹ lè wá sọ èyí fún mi. Ó dáa. Mo ti kúnlẹ̀ kí yín, mo ti bu omi fún yín, ó ku kí ẹ gbọ́ mi, torí lónìí, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ àbúrò bàbá mi, mi ò ní dákẹ́.

Èmi ni olè. Ẹni tó gbé adìẹ mi sínú ìkòkò ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń lọgun pé mo jí ọbẹ̀ òun.

Iṣẹ́ ta ni? Ta ló gbé fóònù síwájú ìyá mi nínú yàrá tí ẹ jókòó sí yìí, tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Accra, bí ìjọba ibí ṣe lé àwọn àlejò lọ́dún un nì, àwọn tó lọ, àwọn tó kù? Ta ló jókòó tẹ̀ ẹ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ọrùn fi ń dùn ún? Òun? Ó mọ ẹnu ọ̀nà ilé wa ni? Mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí i torí òun ni yunifásítì ní kó máa bójú tó mi. Ó ní, "Raqeebah, chale, o ṣiṣẹ́ o, jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi kí n fara balẹ̀ kà á." Ó sì fara balẹ̀ lóòótọ́. Ó fara balẹ̀ yọ orúkọ mi kúrò, ó fi tiẹ̀ síbẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń tẹ ìwádìí wọn jáde fún gbogbo ayé kà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Èmi ò mọ nǹkan kan. Mo ń kọ ìwé oyè mi lọ ní tèmi, mo parí ẹ̀, mo kó o fún wọn, wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, ẹ̀rọ ní tèmi bá ti Dọ́kítà mu délẹ̀délẹ̀. Tiẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, nítorí náà èmi ni olè. Wọ́n ti dá oyè mi dúró. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa jókòó lé mi lórí, bí wọ́n bá sì dá mi lẹ́bi, lílé ni wọ́n máa lé mi, kò sì sí yunifásítì tó máa gba olè tí wọ́n lé.

Ẹ ń mi orí. Ẹ ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, Wàláì, ṣùgbọ́n Ọlọ́run náà ló fún mi lẹ́nu. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Bàbá Nasrullah, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò fẹ́ kó bẹ̀ mí. Mo fẹ́ kó tẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n yọ iṣẹ́ náà kúrò nínú jọ́nà yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbi tó ti wà pé olè ló gbé e wá, kí ẹnikẹ́ni tó bá wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, títí kan àwọn àna rẹ̀, kọ́kọ́ rí ìyẹn kí wọ́n tó rí nǹkan mìíràn.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ̀sọ̀ ṣe. Mo kọ̀wé sí olóòtú jọ́nà náà, mo fi ohùn ìyá mi ránṣẹ́ sí i, mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni bẹ ọba. Kí ló fi dá mi lóhùn? Ó ní ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ni, kí a lọ parí ẹ̀ nílé. Ilé wo? Èmi àti Olúṣèyí jọ ń gbé ilé ni? Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ máa ń jẹ waakye lábẹ́ igi lọ́sàn-án gangan. Àwọn tó yẹ kó yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Kò sí ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn. Wọ́n rí i pé ó gùn, wọ́n ní ó dára.

Ẹ dúró, mò ń bọ̀ lórí ohun tí ẹ bi mí. Ẹ ní kí ló dé tó dá mi lójú tó báyìí. Ẹ mọ bí àwọn ìyàwó ilé wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ ló bá níbẹ̀. Á wá orúkọ tó dùn lẹ́nu fún un, òun ni á sì máa fi pè é títí ayé. Àǹtí Rasheedah, Ìbàdíàrán ni wọ́n ń pè wọ́n. Bàbá Àlàmú tí ń tún fíríjì ṣe ní Kaneshie, Akọ̀wé ni wọ́n lẹ́nu ìyá mi, torí síléètì tí wọ́n bá lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Mi ò tíì fi orúkọ àbísọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀, torí mi ò tíì lọ bá wọn kí n gbàṣẹ lẹ́nu wọn. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í gbé orúkọ ẹni sínú ìwé láì kọ́kọ́ bi í. Dọ́kítà Olúṣèyí fúnra ẹ̀ ló kọ́ wa.

Ọmọ Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, bíi tiwa kúkú ni, àmọ́ ilé tí kò ti sí ìyàwó kan tó ń sọ Yorùbá ló dàgbà sí, Yorùbá ẹnu ẹ̀ ò tó èyí tó lè fi jà. Ó rò pé orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn. Iṣẹ́ tí mi ò tíì parí ló jí, ló bá fi irọ́ tirẹ̀ dí gbogbo àlàfo tí mo fi sílẹ̀. Ìbàdíàrán, ó ní ìyálóde ni. Akọ̀wé, ó ní ó bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Bàbá Àlàmú wa yìí, tí wọ́n ń ní kí ọmọ bá wọn ka ohun tí oníbàárà kọ!

Ṣùgbọ́n ti Eyínafẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n kà á. Ohun tí ìyá mi sọ, bí àwọn ìyálé wọn ṣe sọ ọ́ fún wọn, kò ju pé nígbà tí àwọn yòókù ń lọ lọ́dún tí wọ́n lé wa, ìyá Gà kan, ọmọ onílẹ̀, ní Kaneshie fi Eyínafẹ́ pamọ́ sí yàrá rẹ̀, kò bá wọn lọ. Ó parí. Ẹ gbọ́ ti Dọ́kítà wàyí, mò ń túmọ̀ ẹ̀ fún yín láti inú òyìnbó rẹ̀: "Eyínafẹ́, gbajúmọ̀ oníṣòwò ìlẹ̀kẹ̀, fara pamọ́ sí yàrá obìnrin Gà kan. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ti lọ tán, ìbànújẹ́ dá a dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí."

Ẹ mu omi. Ó kù.

Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn ní kí ìgbìmọ̀ bi í ní ohun kan ṣoṣo, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìwádìí yìí. Ó kọ̀wé dá wọn lóhùn, ó sì buwọ́ lù ú. Ó ní òun ló rìn ín lẹ́sẹ̀ òun, pé èmi kàn ń bá òun gba ohùn sílẹ̀ ni. Ó ní òun dúró lórí sàréè Eyínafẹ́, omi sì bọ́ lójú òun.

Bàbá Nasrullah, nígbà tí ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, báwo ni ìyá mi ṣe kí yín? Ṣé kì í ṣe "Eyínafẹ́, ọkọ mi, ẹ kú oòrùn"? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìyá mi níyàwó wọlé yìí, wọ́n pè yín ní orúkọ mìíràn rí? Oníṣòwò ìlẹ̀kẹ̀ wo, ẹ̀yin tí ẹ ò tíì pààrọ̀ eyín lọ́dún tí ìyá Gà yẹn fi yín pamọ́? Ọkùnrin yìí wá yín lọ sí Circle, ó dọ̀bálẹ̀ fún yín nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ kosẹ, kosẹ, pé kí ẹ má bínú, ó gbé Milo fún yín, ó ní ẹ jẹ́ bàbá mi, kí ẹ bá òun pàrọwà fún mi. Òkú tó sin ló rán sí mi!

Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Rárá, mi ò ní kọ lẹ́tà kankan, ẹ̀yin náà ò sì ní bẹ̀ mí mọ́, mo rí i lójú yín. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, Ọjọ́bọ̀ ni tèmi. Ẹ ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ẹ wọ agbádá funfun tí ẹ wọ̀ lọ́dún Iléyá, kí ẹ bá mi lọ, kí ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ má sọ̀rọ̀. Èmi á ní kí wọ́n bi í ibi tí sàréè Eyínafẹ́ wà. Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé ẹ̀ tẹ́rùn, igi tó wà níbẹ̀, òkúta tó wà níbẹ̀, ẹkún tó sun. Bó bá parí, kí ẹ dìde, kí ẹ sọ fún wọn ohun tí àwọn ìyàwó ilé yín ń pè yín. Kí ẹ sì mú Milo yẹn dání, ẹ má ṣí i o. Kí ẹ gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ ní ẹ dúpẹ́, àmọ́ níbi tó sin yín sí, wọn kì í mu Milo.