Tánkì Ni Mo Wọ̀n, N Ò Wọn Páìpù

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀gá wa tó ni oko, ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, ẹ̀yin àlejò tó pa iṣẹ́ tì nítorí arúgbó tó ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, mo kí yín. Ìyàwó mi, o káre. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi tọ́jú omi níbí. Oko wa ò ní iyẹ̀pẹ̀. Inú páìpù tí omi ń gbà kọjá ni gbòǹgbò tòmátì wa ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹun. Bí omi náà bá gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á dín kù, gbòǹgbò á sì rà. Torí kó má baà gbóná lẹ ṣe gbà mí síṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kórè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọ páìpù, ẹ ti fara dà mí, torí ẹnu mi ò dáa, ẹ̀yin náà mọ̀. Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé mi ò ṣàṣìṣe rí. Irọ́ ni, Alága. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ purọ́. Èmi ni.

Ẹ ṣì rántí Ìyá Ṣíbí? Obìnrin tó ń po ajílẹ̀ olómi, tó máa ń ki ṣíbí tó fi ń wọn ajílẹ̀ bọ gèlè, tá á tún máa wá a kiri? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tán.

Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó wá bá mi lọ́sàn-án gangan. Ó ní, “Bàbá Olómi, ẹ wá fọwọ́ kan páìpù yìí. Ó gbóná o.” Mo ní, “Po ajílẹ̀ tìẹ, kó o fi omi sílẹ̀ fún mi.” Mo ti ki òṣùwọ̀n ooru bọ tánkì, ó sì ka dígírì méjìlélógún. Mo kọ ọ́ síwèé. Àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ni tánkì wà, lábẹ́ ibòji! Ṣé inú tánkì ni tòmátì ń gbé ni? Páìpù dúdú ló ń gbé, tí oòrùn ń pa láti àárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wọn ibi tó tutù.

Lọ́jọ́ kẹrin, gbogbo ewé ti rọ. Mo fa ọ̀kan yọ, gbòǹgbò rẹ̀ ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń rùn. Gbogbo oko ló lọ.

Abẹ́ òrùlé yìí náà ni ọ̀gá pè wá sí. Wọ́n wọn ajílẹ̀ inú omi, ó le jù, gbogbo ojú sì yí sí Ìyá Ṣíbí. Ó ní iye tóun ń bù lóun bù. Òótọ́ ló sọ! Bí ooru bá mú, ewé á mu omi, á sì fi iyọ̀ ajílẹ̀ sílẹ̀. Omi lásán ló yẹ ká bù sí i, iṣẹ́ tèmi sì nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n, mo dákẹ́. Wọ́n bi mí pé ṣé omi gbóná. Mo ṣí ìwé mi, mo ní, “Méjìlélógún ni.”

Wọ́n lé e lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó yọ ṣíbí lórí, ó gbé e ka iwájú mi. Nígbà tó lọ tán ni mo tó wọn páìpù. Mẹ́rìndínlógójì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi ọ̀dà funfun kun gbogbo páìpù kó má baà fa ooru mọ́, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún ọgbọ́n Bàbá Olómi.

Oko mìíràn ò gbà á mọ́; wọ́n ní ajílẹ̀ rẹ̀ ń jó ewé. Aṣọ ló ń bá àwọn èèyàn fọ̀. Ọkọ rẹ̀ kú láìmọ̀ pé kò jẹ̀bi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọkùnrin yẹn lọ́run?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kúnlẹ̀ nílé rẹ̀. Kò fún mi ní àga. Ó ní, “Ta ló wà níbí tó ń gbọ́ ẹ? Ibi tí wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́ ni kó o ti lọ tún un ṣe. N ò ní wọ géètì yẹn títí wọ́n á fi gbọ́.”

Ẹ bi mí láàárọ̀ ìdí tí mo fi ní kí wọ́n kọjú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ìta. Ìdí nìyẹn. Ó wà níta géètì báyìí.

Ọ̀gá, n ò lè gba ẹ̀bùn tẹ́ ẹ dì yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi ẹnu yín ba ayé ẹlòmíì jẹ́. Ẹ ò ní dàgbà sínú irú ìtìjú yìí. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbọ́ mi tán.

Ìyá Ṣíbí, omi gbóná. Ìwọ lo sọ òótọ́. Ṣíbí rẹ wà lápò mi.

Baba ẹnu géètì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Bí kò bá wọlé, màá jáde lọ bá a.