Ẹsẹ̀ Ìkúùkù Gbóná Láàárọ̀ Ọjọ́ Náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri bí ẹni tó pọn ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi. N kò sọ ọ́ fún wòlíì ìjọ wa, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì máa ń ríran sí mi dáadáa. Wọ́n ń rí ọkọ̀, wọ́n ń rí ilé tuntun, wọn kò rí ẹṣin rí.

Ohun tó mú kí n sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi ní Sábó, ó ní ọwọ́ òun ti kú. Èmi nìkan láyé yìí ni mo mọ̀ pé kò kú.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Ìwé ló gbé mi wá sí Ìbàdàn, Agbowó ni mo sì ń gbé, nínú yàrá kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ní Sátidé kan, ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sí ọgbà ẹṣin kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ló ni ín, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n máa ń ra ọmọ ẹṣin láti òkè Ọya, wọn á kọ́ wọn títí wọn á fi lè fo igi ìdábùú nínú ìdíje. Mo lọ wòran ni o, mo bá di ará ilé.

Bàbá Sànúsí ni àgbà àwọn olùtọ́jú ẹṣin níbẹ̀. Hausa ni wọ́n, ṣùgbọ́n Sábó ni wọ́n bí wọn sí, Yorùbá ẹnu wọn sì dùn ju tèmi lọ. Wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìwọ ọmọ Èkìtì yìí, ẹṣin ò gbédè yín. Fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀."

Wọ́n sì kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà. Láràárọ̀, kí ẹṣin kankan tó jáde, Bàbá á lóṣòó tì í, wọn á di ojú, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ra ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti orúnkún títí dé pátákò. Bí ibì kan bá gbóná, ó ti ń dùn ún nínú nìyẹn, ẹṣin náà kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Màmá fúnra wọn kì í bá Bàbá jiyàn lórí rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ọwọ́ tèmi náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan.

Àkókò òjò ni Ìkúùkù dé. Abo ẹṣin ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tútù, egungun rẹ̀ yọ, ó sì ń bẹ̀rù ẹrẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀ nígbà náà, koríko ń rùn tútù. Ilẹ̀ lásán la máa ń tẹ́ igi sí nígbà òjò, a ó máa mú un rìn kọjá lórí wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí òjò ń dín kù, a gbé igi náà sókè dé kókósẹ̀, lẹ́yìn náà ó dé orúnkún. Ìkúùkù kì í gbá igi lulẹ̀. Á kàn gbéra, bí ìgbà tí èèyàn bá ń lá àlá pé òun ń fò.

Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, òfin Bàbá ni pé ẹṣin tó ṣì kéré kò gbọdọ̀ fo nǹkan kan, nítorí ilẹ̀ ti le, ilẹ̀ líle ló sì ń ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Ó di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Ọlidé ni, inú ọgbà ni mo ń sùn. Bí Bàbá bá ti lọ kírun àsùbáà, mo máa ń mú Ìkúùkù jáde. Kùrukùru ọyẹ́ máa ń bo pápá débi pé n kì í rí igi náà títí a ó fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kàn ń gbọ́ èémí rẹ̀. Etí rẹ̀ á nà síwájú, ilẹ̀ á sì kúrò lábẹ́ wa. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ìdánwò tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀, owó ilé tí mo jẹ, gbogbo rẹ̀ á dúró sílẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn. Inú mi dùn. Mo ṣe é fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Màmá ti ṣèlérí pé èmi ni n ó gun Ìkúùkù lọ sí ìdíje kan nígboro, lórí pápá oníyanrìn tó rọ̀, tí òfin Bàbá kò kàn, ìdíje mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Bàbá lóṣòó láàárọ̀ bí ìṣe wọn. Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹsẹ̀ iwájú, ní apá òsì.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó jọ pé ibí yìí gbóná."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà mú. Mo ní, "Ó tutù, Bàbá."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Bóyá ọwọ́ yín ni. Ẹ̀yin náà ti ń dàgbà."

Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," wọ́n sì tú okùn ẹṣin náà lé mi lọ́wọ́.

Igi kẹta la fò tí mo gbọ́ ọ, bí ẹni ya aṣọ. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ló já. Ìkúùkù kò gbé mi ṣubú o. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ń gbọ̀n, ó ń dúró dè mí kí n sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí a padà délé, Màmá bèèrè ẹni tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Bàbá ní, "Èmi ni, Màmá. Ọwọ́ mi ni ò gbọ́ nǹkan mọ́." Wọn kò dárúkọ mi rárá. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé korobá omi dání, mo wo inú omi. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Màmá bẹ̀ wọ́n títí. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n mú kẹ́tùlù àlùwàlá wọn, wọ́n lọ.

Ìkúùkù ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n kò fo igi kankan mọ́. Èmi ni mò ń bójú tó ọgbà náà báyìí, torí orúnkún kò jẹ́ kí Màmá rìn púpọ̀ mọ́. Ìkúùkù bí akọ kan ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó jọ ọ́ bí ìmumu. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Sábó, kí Bàbá lè máa wá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ fún wa.

Wọ́n fún mi ní èso dàbínù jẹ. Wọ́n gbàdúrà fún èmi àti àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n bèèrè pé, "Ìkúùkù ńkọ́? Ṣé kò bínú sí mi?"

Mo ní kò bínú. Ìgbà náà ni wọ́n tẹ́ ọwọ́ wọn méjèèjì. Wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn, àwọn èèyàn ń mú ẹṣin wọn wá bá àwọn, àwọn sì ń dá wọn padà, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú kò gbọdọ̀ tan èèyàn. Mo dágbére fún wọn láìjẹ́wọ́. Mo wọ mọ́tò láti Mọ́kọ́lá, omijé bá mi dé Òjòó.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Mẹ́sàn-án péré ni tèmi, ó sì ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá sọ ọ́, Bàbá á gba ọwọ́ wọn padà, wọn á sì mọ̀ pé ọmọ tí àwọn ń gbàdúrà fún ló gbà á lọ́wọ́ àwọn. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé ni wọ́n. Ṣé kí n lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà wọn bí ọkùnrin? Ṣé Màmá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ sì dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é.

Láàárọ̀ yìí, nínú kùrukùru, mo lóṣòó ti ọmọ Ìkúùkù. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Mo ní ó gbóná. Mo tún ní rárá, ó tutù. Mo pẹ́ níbẹ̀, n kò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́, ẹnì kan ṣoṣo tí mo sì lè bi wà ní Sábó, ó káwọ́ lẹ́rán.