Àpáta Tí A Ti Ń Sá Èlùbọ́

Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, ta ló ń sá èlùbọ́ sórí páànù? Orí àpáta ẹ̀yìnkùlé la ń gbé e lọ. Kì í ṣe Olósùnta, àpáta ńlá ìlú wa o… àpáta kékeré ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ àdúgbò dó ti mú òkè, níbi tí oòrùn ń pa. Àwọn tó dé lẹ́yìn ń sá tiwọn nísàlẹ̀, lábẹ́ òjìji igi obì.

Òkè ni tiwa wà. Òkè náà ni ti ilé Abẹ́kẹ́ ọ̀rẹ́ mi wà, ẹ̀gbẹ́ wa gan-an. Abẹ́kẹ́ á ní, "Ìwọ yìí, èlùbọ́ rẹ dúdú bí ẹsẹ̀ rẹ." Ha… ó ti lọ. Ìyá mi á ní, "Ẹ sá uṣu yín, ẹ má jà. Ọjọ́ kan náà làwọn baba yín sọ ẹrù kalẹ̀ níbí."

Nígbà tí wọ́n wá fún wa ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, àwọn ọ̀mọ̀wé àdúgbò ní àwọn á kọ ìtàn wa. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé rẹ́kọ́dà wá bá mi.

"Màmá, ìdílé yín nìkan ló tẹ ibí dó, àbí?"

"Àwa àti ilé Abẹ́kẹ́ la jọ dé."

Ó pa rẹ́kọ́dà. "Màmá, ṣé ẹ ò rí i pé ẹ̀yìn yín ni mo wà ni?"

Mo ní ká lọ wo àpáta. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìtàn àdúgbò là ń kọ, Màmá, kì í ṣe ti èlùbọ́."

Ìwé jáde. Ó ní àjèjì tó sá wá sábẹ́ wa ni ilé Abẹ́kẹ́. Làwọn ọmọ tiwa bá gbé ìwé lọ sóko kòkó àwọn yẹn… "Ẹ kúrò, ilẹ̀ wa ni." Mo bi wọ́n pé, ta ló ń fún àjèjì ní ojú oòrùn? Wọ́n ní kí n fi àpáta hàn. Èwo ni n ó fi hàn? Wọ́n ti fọ́ ọ, wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kó ìwé náà jáde.

Báyọ̀, ìwọ tó o ti yunifásítì dé, tó o ń fìbínú kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ má fi ẹnu tèmi nìkan parí ẹ̀. Àbúrò Abẹ́kẹ́ ṣì wà láyé. Lọ bi í pé níbo ni wọ́n ti ń sá èlùbọ́ wọn. Má sọ fún un ohun tí mo sọ o, jẹ́ kó sọ tirẹ̀.

Tètè lọ, ọmọ mi. Èmi àti òun nìkan la kù tí a mọ ojú ilé kọ̀ọ̀kan lórí àpáta náà.