Léèsì Tí Mo Fi Ṣe Wọlímọ̀

Nígbà tí ìbàdí mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè jókòó sídìí máṣíìnì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí n má képe ìyá mi… ìgbà yẹn ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ jókòó. Ràfíátù, gbé tẹlifóònù yẹn sún mọ́ ẹnu mi bí o bá máa gba ohùn mi sínú rẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀jó, ìwọ náà jókòó. Má dúró bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá Ràfíátù, Alájì wa, ti fọhùn. Ó ní òun ò ní fi ọmọ òun fún ọkùnrin tí kì í kírun, tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò bọ ohunkóhun. "Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni ó máa dá a lẹ́kun olè jíjà? Olè ni! Bí kò bá sì jẹ́ olè, a jẹ́ pé orí rẹ̀ ò pé." Ó tán. Ó ti dá ẹjọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń bọ̀ láti Ṣakété lọ́sàn-án òní láti wá ṣe àmín sí i. Ni ẹ̀yin méjèèjì bá sáré wá bá mi: "Tántì, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ yín ni Alájì máa ń gbọ́."

Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ mi ló máa ń gbọ́. Ṣebí èmi ni ọmọ rere ilé? Ṣebí fọ́tò mi ló wà lára ògiri iyàrá àlejò rẹ̀, èmi nínú léèsì aláwọ̀ ewé, Kùránì ní ọwọ́ mi, lọ́jọ́ wọlímọ̀ mi? Gbogbo ọmọ tó bá ṣẹ̀ nínú ilé yẹn, abẹ́ fọ́tò yẹn ni wọ́n máa ń mú un lọ. "Wo Tántì rẹ!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Kọ̀jó, má bá mi rẹ́rìn-ín. Mo ń bọ̀ wá bá ọ. Kí lo sọ fún Alájì lọ́jọ́sí? Tíṣà ìṣirò láti Calavi, ó na tẹlifóònù sí àgbàlagbà lójú, ó ní òun kà á níbẹ̀ pé àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ni ọpọlọ wọn jí jù. Áà! Ọ̀mọ̀wé! Ìwọ tí ọpọlọ rẹ jí jù, ta ló ra tẹlifóònù tuntun lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri ní ọjà Dantokpa, tó délé, tó ṣí páálí, tó bá ọṣẹ ìfọṣọ nínú rẹ̀?

"Tántì, ọkùnrin yẹn ní tẹ̀sùbáà lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́! Ràfíátù, ṣé ó wọlé sínú tẹlifóònù yẹn? Tẹ̀sùbáà ló wò! Aláìgbàgbọ́ wa fi tẹ̀sùbáà gba olè gbọ́! Alájì fúnra rẹ̀ ì bá ti bi ọkùnrin náà léèrè orúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jàre.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Dantokpa, ní ìlà àwọn aránṣọ tó kọjú sí ọ̀sà. Àlájà la ń pè é. Obìnrin yẹn mọ àdúrà í gbà! Kò ní fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà láìsọ Bísímíláì. Bísímíláì, ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Bísímíláì, ó wọ̀n ọ́n. Bísímíláì, ó gé tirẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó sọ ọ́ sínú àpótí tó wà lábẹ́ tábìlì.

Ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlà wa ló ń ṣe é. Mùsùlùmí ń ṣe é, Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe é, àwọn aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà náà ń ṣe é. O gbé mítà mẹ́fà wá, wọ́n á fi márùn-ún rán an, wọ́n á ní ìwọ lo sanra. Orúkọ tí a ń pè é ni ẹ̀tọ́ àlùmágàjí. Àlùmágàjí ló gé aṣọ, àlùmágàjí gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣé olè nìyẹn? Rárá o! Ẹni tó bá fo fèrèsé ni olè. Àwa, ẹ̀tọ́ là ń gbà. Mo bi Àlájà lọ́jọ́ kan: "Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé Ọlọ́run ò rí wa ni?" Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run mọ iye tí wọ́n ń ta epo pupa báyìí."

Wàyí o… níwájú ìlà wa, bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀, ará Pobè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pọ́n àlùmágàjí fún wa. Òkúta ìpọ́nbẹ kan, agolo omi kan, àpótí ìjókòó kan, ó tán. Bàbá yìí kì í lọ mọ́ṣáláṣí. Kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í lọ sídìí òrìṣà. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi kí i." Bàbá Àìlọ la sọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá dé, tí àwa bá lọ kírun, ta ló ń ṣọ́ ìsọ̀ wa? Bàbá Àìlọ. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì bá lọ kọrin, ta ló ń ṣọ́ ìsọ̀ tiwọn? Bàbá Àìlọ. Kí ló dé tí a ò fi ṣọ́ ọ fún ara wa? Hẹn-ẹn! A mọ ara wa! Ẹni tí kì í lọ síbì kankan ló ń jẹ́ kí gbogbo wa ráyè lọ bá Ọlọ́run. Abẹ́rẹ́ kan ò sọnù rí. A sì ń fi í sínú àdúrà wa, Jímọ̀ dé Jímọ̀, pé kí Ọlọ́run yí i lọ́kàn padà. Bí Ọlọ́run bá gbọ́ àdúrà yẹn ńkọ́, ta ni ì bá máa ṣọ́ ìsọ̀?

Ọdún yẹn ni mo ka Kùránì parí. Ràfíátù, ìwọ ti ṣe wọlímọ̀ tìrẹ, o mọ bó ṣe ń rí. Kọ̀jó, ayẹyẹ tí à ń ṣe fún ọmọ tó ka Kùránì tán ni. Wọ́n á gbé ẹ jókòó sáàárín ìdílé, o máa ka ìwé, àwọn ìyá á máa nu omi ojú. Àwa mẹ́rin la fẹ́ ṣe é pọ̀ ní Ṣakété. Bàbá àwọn mẹ́ta tó kù ra léèsì fún wọn. Bàbá tiwa, awakọ̀ ni, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti dákú. Àǹkárá ló rà fún mi. Àǹkárá! Láàárín léèsì mẹ́ta! Mo sunkún. Mo gbààwẹ̀. Ọmọ tó ka Kùránì parí, kí ló bẹ Ọlọ́run fún? Léèsì.

Léèsì sì dé. Oníbàárà kan ló gbé e wá fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, mítà mẹ́wàá, ó rí bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, òwú tó ń dán bí irin wà nínú rẹ̀. Àlájà ti gé mítà kan tirẹ̀. Ní ọ̀sán Jímọ̀, ó ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ìsọ̀, èmi nìkan ló kù sídìí tábìlì. Mo sọ Bísímíláì. Mo gé mítà mẹ́ta. Mo ká a mọ́ àyà lábẹ́ ìborùn mi. Òwú tó ń dán yẹn ti ba ẹnu àlùmágàjí mi jẹ́, bí a ti ń jáde lọ, mo fi í sílẹ̀ fún Bàbá Àìlọ kó bá mi pọ́n ọn. Mo lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo forí kanlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìjọ. Léèsì wà láyà mi.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà dé, ó wọn aṣọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ Àlájà, ẹ̀tọ́ tèmi, mítà mẹ́wàá ti di mẹ́fà. Obìnrin náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà dúró wò wá. Àlájà ní, "Ta ló wà níbí lánàá nígbà tí a lọ kírun?" Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ojú ti lọ sára Bàbá Àìlọ.

"Òun ni kẹ̀! Ẹni tí kò mọ Ọlọ́run!"

"Bó bá ní ọpọlọ ni, ṣé kò ní ti yan ẹ̀sìn kan?"

Ẹnìkan wá dá a lábàá pé kí gbogbo wa búra, kí oníkálukú fi ohun tó gbà gbọ́ búra. Àbá ọlọgbọ́n! Àlájà gbé ọwọ́ lé Kùránì, ó búra pé òun ò mú nínú léèsì náà. Mítà kan wà nínú àpótí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń búra. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì fi Bíbélì búra. Ó kàn mí. Mo ṣe àlùwàlá. Mo gbé ọwọ́ lé Kùránì. Ohùn mi ò gbọ̀n. Kí ló máa gbọ̀n ọ́n? Ṣebí mo ti ka ìwé náà parí?

Ó kan Bàbá Àìlọ. Ó ní, "Kí ni kí n fi búra? Bí mo bá fi ohun tí n ò mọ̀ búra fún yín, irọ́ ni mo pa. N ò mú aṣọ. Ó parí."

"Ẹ rí i! Kò lè búra! Olè paraku!"

Gbogbo wa ló búra. Ẹyọ ẹnì kan tí kò fẹ́ fi ìbúra parọ́ ni wọ́n pè ní olè. Wọ́n da omi agolo rẹ̀ nù. Wọ́n ní kó kúrò ní ìlà kí wọ́n tó yí ojú padà sí i.

Ó ní kí oníkálukú wá gba àlùmágàjí rẹ̀. Mo lọ. Ó na tèmi sí mi. Nígbà náà ni ó la ọwọ́ kejì… òwú aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀, tín-ín-rín, ó ń dán. Ó ti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu àlùmágàjí mi. Ó jẹ́ kí n rí i. Ó pa ọwọ́ dé. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Ọmọ mi, wọ́n á lù ẹ́ pa. Èmi, wọ́n kàn máa lé mi ni. Máa lọ." Ẹ̀yin ò mọ ohun tí wọ́n ń fi olè ṣe lọ́jà nígbà yẹn. Táyà ọkọ̀ ni, àti epo. Mo gba àlùmágàjí mi. Mo lọ. Mo sọ fún ìdílé pé ọ̀gá mi ló ta mí lọ́rẹ léèsì. Ẹnì kankan láti ìlà wa ò wá sí Ṣakété. Mo kàwé, gbogbo ìyá ń nu omi ojú. Ẹ ti rí fọ́tò.

Ìlà wa wá gba olùṣọ́ tuntun. Ọmọ Ọlọ́run ni tirẹ̀. Àmì ìforíkanlẹ̀ iwájú orí rẹ̀ tó ìdérí ìgò. Ní Jímọ̀ kẹta, òun àti máṣíìnì Àlájà jọ lọ kírun níbòmíràn. Wọn ò tíì dé.

Nítorí náà, bí Alájì bá ń sọ fún yín pé ayé àtijọ́ dára, pé gbogbo èèyàn bẹ̀rù Ọlọ́run… mo wà níbẹ̀. Lónìí, ilé ìsìn mẹ́ta ló wà ní òpópó mi, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́ta, síbẹ̀ gbogbo ògiri tó yí wọn ká ni wọ́n fọ́ ìgò lé lórí. Ta ni wọ́n ń bẹ̀rù? Èmi? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

N ò ní ẹ̀sìn ò dára o. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu mi sọ̀rọ̀. Bàbá wa tó ra àǹkárá yẹn, èrò gbàgbé àpò sínú ọkọ̀ rẹ̀ rí, ó wá onítọ̀hún lọ dé Kétu. Ó ní ẹ̀rù Ọlọ́run ń ba òun. Mo gbà á gbọ́. Ti Bàbá Àìlọ ńkọ́? Ẹ̀rù kankan ò bà á, kò sì mú. Èmi kà á parí, mo mú. Ta ló wá fẹ́ fi ẹ̀sìn wọn èèyàn bí ẹni wọn aṣọ? Ìwọ náà, Kọ̀jó, àìgbàgbọ́ kì í ṣe sátífíkéètì ọpọlọ. Rántí ọṣẹ.

Wọ́n ní ogún ọdún ni irọ́ fi ń rìn kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Mo gbọ́ pé Bàbá Àìlọ lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ekpè. Láti ibí dé Ekpè, kí ló jìnnà níbẹ̀? Ẹ gun alùpùpù, ẹ ti dé. N ò lọ. Mo lọ sí Mẹ́kà, àwọn èèyàn ń pe èmi náà ní Àlájà báyìí. Mẹ́kà ò jìnnà lójú mi. Ekpè ló jìnnà. Wọ́n ní ó ti kú.

Háà… Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ: bí ẹnì kan bá sọ pé òun kò lè búra, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ àwọn tó ti búra tán.

Ràfíátù, pa nǹkan yẹn. Rárá, jẹ́ kó máa gbà á. Bá mi mú ìborùn mi. Àwọn ará Ṣakété á ti máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí mo bá wọlé, n ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. N óò yọ fọ́tò yẹn lára ògiri, n óò gbé e lé Alájì lẹ́sẹ̀, n óò sọ ẹni tó jẹ́ olè nínú ilé náà fún un. Kò ní gbà. Ó máa ní nítorí yín ni mo ṣe ń parọ́ mọ́ ara mi. Ó máa ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, kí n gbé ọwọ́ lé e.

N óò sọ fún un pé mo ti gbé e lé e rí.